Ìlú Tí Sasofóònù Fi Ń Yangàn

Ẹni tó bá dé ìlú Dinant, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tí ará ibẹ̀ fi ń yangàn fún un. Sasofóònù ràgàjì-ràgàjì ni wọ́n tò sórí afárá tó gba orí odò Meuse kọjá, ọ̀dà aláràbarà lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dúró fún orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Adolphe Sax ní 1814. Òun ló ṣe fèrè yìí, tó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Paris ní 1846. Ère rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì ní òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àlejò tó bá fẹ́ ya fọ́tò.

Ẹ gbọ́ èyí ná: idẹ ni ara sasofóònù, síbẹ̀ ẹgbẹ́ fèrè onígi ni wọ́n kà á mọ́, nítorí esùsú pẹlẹbẹ ẹnu rẹ̀ ló ń gbọ̀n tó fi ń dún.

Àwa náà kúkú ní ìpín nínú fèrè yìí. Fẹlá, olórin wa, fọn ọ́n káyé gbọ́. Olórin tó ń jẹ́ Lágbájá fi aṣọ bojú, ó ń fọn tirẹ̀.

Bí ẹ bá wá pàdé afọnfèrè lẹ́bàá títì ní ìlú onílùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ máa lọ. Ẹ gbọ́ orin kan tán, kí ẹ sì fi nǹkan sínú àpótí tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni.