Ká Wọn Oúnjẹ, Ká Wọn Ọ̀rọ̀

Bismillahi Rahmani Rahim. 

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó tún jẹ́ kí ààwẹ̀ Ràmàdáànì bá wa láyé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ jókòó ti rédíò, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò gùn: ká wọn oúnjẹ, ká sì wọn ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ. Nínú Súrátùl Á'ráàfù, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun gbà wá láàyè láti jẹ àti láti mu, àmọ́ Ó kọ àpọ̀jù fún wa. Ànábì náà kọ́ wa pé ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn ni ti oúnjẹ, ìdá kan ni ti omi, ìdá kan ni ti èémí. Kí wá là ń ṣe tá a bá fẹ́ ṣínu? Kí lèmọ́mù tó kírun Maghrib tán, àkàrà, ògì, ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀bà ti pàdé nínú ikùn kan ṣoṣo! Ẹlòmíì lẹ́jẹ̀ ríru, síbẹ̀ ó tún ń bu iyọ̀ lé ọbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti magí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́dún kan, ní àsàlátù wa ní Ayépé níbí, ìyá kan sọ pé dókítà ní kí òun má gbààwẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Àgbà kan dìde, wọ́n ní kí ìyá da oògùn òyìnbó nù, kí wọ́n máa mu omi ewúro, kí wọ́n sì gbààwẹ̀ wọn. Gbogbo ilé kígbe "Allahu Akbar!" Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Mo dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ń bá àgbà jiyàn. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n gbé ìyá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn ò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́. Ọlọ́hun yọ wọ́n. Ká ní wọn ò yè é ńkọ́? Ṣé ẹni tó sọ̀rọ̀ nìkan ni Ọlọ́hun yóò bi, àbí pẹ̀lú èmi tí mo dákẹ́?

Ẹ rántí ọdún 2014. Ebola wọ Èkó lóṣù Keje. Mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, fóònù ń dún kiri: ẹ fomi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún kílẹ̀ tó mọ́. Ìfẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ èèyàn pe ẹbí wọn. Àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé jábọ̀ pé omi iyọ̀ náà pa èèyàn méjì ní Nàìjíríà. Iyọ̀ kọ́ ló ṣẹ́gun Ebola. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn kàn, tí wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́, làwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a bọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdí nìyí tí Ọlọ́hun fi pàṣẹ nínú Súrátùl Hujuráàtì pé ká wádìí ìròyìn ká tó gbé e.

Tọ́rọ̀ ìlera bá wáyé láwùjọ, èkíní, ká bèèrè pé ta ló sọ ọ́, báwo ló sì ṣe mọ̀. Èkejì, bí nǹkan bá ṣe ọ́ láǹfààní, sọ pé "ó bá mi lára mu", má sọ pé "da oògùn rẹ nù". Ara ò dọ́gba. Ẹ̀kẹta, ká má dójú ti aláìsàn tí kò gbààwẹ̀. Súrátùl Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, ti yọ̀ǹda fún un kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò nírètí àtilọ yóò máa bọ́ tálákà. Ẹ̀kẹrin, tá a bá gbọ́ èyí tó lè pani, ká má dákẹ́. Ká kúnlẹ̀, ká dọ̀bálẹ̀, ká ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì." Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kó fún àwọn aláìsàn wa lálàáfíà, kó má jẹ̀ẹ́ kí ahọ́n wa pa ẹnì kejì wa. Àmín. Wassalamu alaikum.