Ṣíṣọ́ Awọ Ara: Bí Ẹ́kísímà Ṣe Ń Gbérí



Nítorí ọmọ tí ara yíyún kì í jẹ́ kó sùn lóru ni mo ṣe wá. Àwọn kan á ní kúrúnà ni, àwọn mìíràn á ní lápálápá ni. Àwọn méjèèjì wọ̀nyẹn máa ń ràn. Ṣùgbọ́n ẹ́kísímà, àìsàn awọ tí mo ń sọ yìí, kì í ran ẹnikẹ́ni. Ojú àti orí ọmọ ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ sí, bí ọmọ bá sì dàgbà díẹ̀, á bọ́ sí kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún. Ìwé ìṣègùn púpọ̀ ní ojú ibẹ̀ máa ń pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ṣíṣú ló sábà máa ń ṣú, tàbí kó rí bí eérú, kó sì le gbagidi.

Lọ́dún 2006, Irwin McLean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Dundee, ní Scotland, fi hàn pé àbùkù nínú jíìnì filaggrin, èròjà tó ń bá awọ di omi mú, wà lára ohun tó ń fa ẹ́kísímà. Àbùkù yẹn wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ funfun ju láàrin wa lọ, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí awọ: omi ń jáde, ohun tó ń bí ara nínú ń wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ Staphylococcus aureus wà lára aláǹgbá wọ̀nyẹn. Ọmọ á máa họ ara, híhọ náà á sì tún la ògiri sí i.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa fúnra wa là ń fọwọ́ la ògiri yìí. Omi gbígbóná, kànìnkànìn líle, oògùn apakòkòrò nínú omi ìwẹ̀. A ní a fẹ́ bó ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí kọ́ ló fà á. Ọṣẹ dúdú tí a fẹ́ràn pàápàá, eérú inú rẹ̀ máa ń bó ọ̀rá tó ń ṣọ́ awọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò, ìwẹ̀ ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi ara ọmọ, ẹ má fi ha á. Kí ìṣẹ́jú 3 tó pé, ẹ fi fasilín tàbí ìpara mìíràn tí kò ní lọ́fínńdà pa á lára dáadáa. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́, ní ọjọ́ tí ara ò yún rárá pẹ̀lú, nítorí ìgbà tó rọlẹ̀ ni a fi ń dènà ìgbà tó máa gbérí. Bí ọyẹ́ bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ fi kún un. Ẹ má dúró títí ètè á fi là. Ẹ má sì fi ẹyin tàbí wàrà du ọmọ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti gbérí, ìpara sìtẹ́rọ́ọ̀dù tí dókítà kọ kì í ṣe ọ̀tá. Èyí tí a tẹ̀ sórí ìka àgbà, láti ṣóńṣó dé oríkèé àkọ́kọ́, tó fún ojú ara tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni ìpara olóògùn mẹ́ta tí wọ́n ń tà lọ́jà: sìtẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn lápálápá àti oògùn kòkòrò nínú ike kan. Clobetasol, tó wà lára àwọn sìtẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára jù, máa ń wà nínú àwọn kan, ó sì máa ń wà nínú ìpara ìbóra. Ara á tu ọmọ fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, bí a bá sì ṣíwọ́, yíyún lè padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣomi, tí èépá aláwọ̀ ìyeyè bò ó, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ pé ìléròrò kéékèèké tó ń dunni ló sú bo ibẹ̀, tí ara ọmọ sì gbóná, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.