Babaláwo Nínú Fíìmù Ajíhìnrere

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Òkè Ìtasẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, nígbà Ọdún Ifá

  

Ní ọdún 1986, fíìmù kan tí ń jẹ́ The Mission gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Cannes, ní ilẹ̀ Faransé. Roland Joffé ni olùdarí rẹ̀. Ìtàn àwọn àlùfáà Jesuit ni, àwọn tó gun òkè odò Iguazu lọ bá àwọn Guaraní ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1750, nígbà tí ọba Spéìn àti ọba Pọtogí ń pín ilẹ̀ onílẹ̀ láàárín ara wọn. Eré náà dùn ún wò, orin rẹ̀ sì ń wọni lára. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò ó. Àwọn àlùfáà ń jiyàn, àwọn aláṣẹ ń jiyàn. Àwọn Guaraní ń kọrin, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń kú. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi èdè sọ ni a kò túmọ̀ fún òǹwòran. Àwọn tó tilẹ̀ ṣe Guaraní nínú eré náà kì í ṣe Guaraní: àwọn Waunana láti Kòlóńbíà ni. Kò sí ibi tí àgbàlagbà kan ti jókòó ṣàlàyé ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń sìn kí àlejò tó dé.

Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín ni Mike Bamiloye ti dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀ ní ọdún 1985. Nígbà tí eré wọn, Agbára Ńlá, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ẹ̀rù Ìṣàwúrù kò jẹ́ kí ó sùn. Onígbàgbọ́ ló ni eré rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi wàásù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ babaláwo kankan nílé tàbí ládùúgbò, Ìṣàwúrù ni babaláwo lójú rẹ̀ títí tó fi dàgbà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti di òbí báyìí.

Kì í ṣe inú fíìmù ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọ́n mọ bí a ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lò. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni àlùfáà, wòlíì, àdúrà àti ìwàásù ti wá. Sàtánì pàápàá wà nínú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí. Síbẹ̀ wọ́n tún mú Èṣù, ẹni tí ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, ẹni tí kò sí ìfá dídá tí a kì í dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tá Ọlọ́run. Láti ìgbà náà, kí babaláwo tó la ẹnu nínú eré, a ti dá a lẹ́bi. Ó ti dárúkọ Èṣù, ó tán.

Èyí sì yani lẹ́nu, nítorí ìtàn tí a máa ń sọ nípa ìbí Àjàyí fúnra rẹ̀ ni pé Ifá ni àwọn òbí rẹ̀ lọ bi, tí Ifá sì sọ pé kí wọ́n má fi ọmọ náà fún òrìṣà kankan, Olódùmarè ni yóò sìn. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òsogùn. Ní 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Olùdarí eré wo ni kò ní fẹ́ ya ìpàdé yẹn? Ṣùgbọ́n babaláwo tó dáfá ọmọ náà ńkọ́? Ṣé yóò wà nínú eré náà, àbí a ó gé e kúrò kí eré má bàa gùn?

Ajíhìnrere mìíràn wà tí ìtàn rẹ̀ yẹ fún fíìmù ju ti ẹnikẹ́ni lọ: Emmanuel Moses Lijadu, ọmọ ìjọ CMS, tó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Ìhìnrere ló gbé e jáde nílé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹni tí kò gbọ́ ohun tí awo ń sọ kò lè dá awo lóhùn. Ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí Ifá jáde ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀rúnmìlà tẹ̀ lé e ní 1908. Ó kọ ọ́ láti fi yí awo lọ́kàn padà, àwọn ọmọ awo sì ń kà á láti fi wádìí ohun tí àwọn baba wọn sọ.

Ẹ wo yàrá náà: ọpọ́n nílẹ̀, ìyẹ̀rosùn lórí rẹ̀, Bíbélì lápò ẹnì kan, ikin lọ́wọ́ ẹnì kejì. Awo ń ki Ifá, ajíhìnrere ń sáré kọ ọ́, ó ń dá a dúró, ó ń ní kí ó tún un wí. Ta ni akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀?

Wọ́n tún Ọ̀rúnmìlà tẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1972. Orúkọ Lijadu ló wà lára èèpo rẹ̀. Àwọn awo tó ki Ifá náà fún un ni ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù yìí yóò kọ́kọ́ wá lọ.