AJÍSÀÀRÌ INÚ ARA

   

Gbogbo wa la mọ àwọn ajísààrì tó ń fi ìlù àti orin jí wa lóru Ràmàdáánì. Ṣùgbọ́n ta ní ń jí àkùkọ? Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nagoya ní Japan kó àwọn àkùkọ sínú yàrá tí iná bàìbàì wà tọ̀sán-tòru. Wọn kò rí oòrùn rárá, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ní àkókò tí ilẹ̀ ìbá fẹ́ mọ́. Aago wà nínú ara wọn.

Àwa náà ní tiwa. Inú ọpọlọ ló wà, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, kò sì ju hóró ìrẹsì lọ. Ó máa ń lò ju wákàtí 24 lọ díẹ̀ kí ó tó yí po, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló sì ń tún un tò lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun ló ń jẹ́ kí ara tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, láti sọ fún ara pé àkókò oorun ti tó. Ní 2017, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n tú àṣírí irú aago yìí lára eṣinṣin kékeré tó ń bà lé èso.

Kí ni èyí kàn wá sí nínú àwẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa mìíràn bá ti kírun àṣámù tán, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni títí di sààrì. Iná yẹn ń tan aago inú ara jẹ, á máa rò pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gun ọ̀kadà lọ sóko, tàbí kí wọ́n wa ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ oorun máa ń wúwo jù láàárín aago 2 òru sí aago 6 òwúrọ̀, á sì tún yọjú lọ́sàn-án. Ẹni tí kò sùn, tó wá ń wakọ̀ nírú àkókò yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ àti ti èrò tó gbé wà nínú ewu. Bí jàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru àwẹ̀. Àìsùn ni.

A kò sọ pé kí ẹ má dìde lóru jọ́sìn o! Ohun tí à ń wí ni pé kí á pín oorun wa. Bí a bá kírun àṣámù tán, ká pa iná, ká sùn. Ká dìde jẹ sààrì, ká má torí oorun fò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ká jáde síta kí ojú wa rí ìmọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án, ká rẹjú díẹ̀, bí àwọn Sàhábà ti máa ń ṣe. Bí oorun bá ń kùn wá lójú ọ̀nà, ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká sùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ lóru.

Súrátù Naba ka oorun, òru àti ọ̀sán mọ́ oore tí Ọlọ́hun ṣe fún wa. Ẹ má jẹ́ ká fi oore ṣòfò. Kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa, kí Ó sì dá ẹ̀mí wa sí di àmọ́dún. Àmín.