Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Fún Wa Ní Máàkì Níbi Íntáfíù?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ nípàdé wa nìyí. Mo kọ ọ́ síbí torí ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tó mọ ọ̀gá nìkan ló ń ríṣẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó bá ṣètò íntáfíù rẹ̀ dáadáa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo èèyàn, ìwé máàkì sì wà níwájú wọn. Kí ẹ tó wọlé ni wọ́n ti kọ irú ìdáhùn tó máa gba 1, èyí tó máa gba 3, àtèyí tó máa gba 5.

Oríṣi ìbéèrè méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ni "Bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, kí lo máa ṣe?" Gary Latham àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí ló gbé e jáde lọ́dún 1980. Ká ní oníbàárà ń pariwo, ọ̀gá ò sì sí nítòsí. Ẹni tó ní "màá ṣe sùúrù" lè gba 2. Ẹni tó ní òun á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, òun á yẹ rìsíìtì rẹ̀ wò, òun á sì sọ ìgbà tóun máa pè é padà, ìyẹn lè gba 5.

Èkejì ni ti Tom Janz, lọ́dún 1982: "Sọ ìgbà kan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ." Ibẹ̀ lèmi ti ṣubú. Wọ́n ní kí n sọ ìgbà tí mo parí ìjà láàárín àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo ní "a pè wọ́n, a bá wọn sọ̀rọ̀, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é." Nílé wa, ṣé ẹ mọ̀, ẹni tó ń pe "èmi, èmi" agbéraga ni. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ìwọ gan-an ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò ní máàkì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó kàn yín, ohun tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín ṣe, bó ṣe parí: ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan o. Bí ẹ ṣe tún àkọsílẹ̀ gbèsè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìyá yín náà kà. Àmọ́ ẹ má hùmọ̀ ìtàn, wọ́n á wá ìdí ẹ̀.

Nípàdé wa tó ń bọ̀, a máa fi èyí dánra wò. Kí kálukú mú ìtàn kan wá, èmi ni màá kọ́kọ́ jókòó.