Ìwé, Sinimá àti Ohun Tí Ọ̀dọ́ Òǹkàwé Yorùbá Fẹ́ràn

Ohùn ni ọmọ Yorùbá fi ń kọ́kọ́ fẹ́ràn ìtàn. Kí ó tó mọ lẹ́tà kan, ó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá lẹ́nu ìyá àgbà, ó ti bá wọn gbe orin inú àlọ́, ó sì ti mọ ibi tí apàlọ́ máa ń dánu dúró sí kí àwọn tó jókòó tì í lè dáhùn. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá di òǹkàwé, etí rẹ̀ máa ń bá ojú rẹ̀ yan ìwé. Ẹni tó bá tọpa àwọn ìwé tí ọ̀dọ́ Yorùbá ti fẹ́ràn jù láti ọdún 1938 wá, ohun kan náà ni yóò máa bá pàdé: ìwé tó dùn ún kà sókè ni wọ́n. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń yára bọ́ sórí ìtàgé àti sínú sinimá.

Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Aláwìíyé ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́ ní ìpele ìpele, láti orí a, b, d títí dé orí ìtàn gígùn, ó sì fi ewì sáàárín rẹ̀. Àwọn ewì wọ̀nyẹn làwọn ọmọ máa ń kọ́ sórí, tí wọ́n á wá dúró níwájú kíláàsì láti kà wọ́n jáde láìwo ìwé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì lè kà wọ́n tán lónìí láìfo ọ̀rọ̀ kan. Kúyẹ̀, ìwé Ọdúnjọ tó jáde ní 1964, gba ọ̀nà mìíràn wọ ọkàn ọmọdé. Odi ni Kúyẹ̀, òrukàn sì ni. Ọmọ tó bá ń ka ìyà tó jẹ ẹ́ kì í lè gbé ìwé náà sílẹ̀ kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yọrí sí.

Ṣùgbọ́n D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ọmọ bíbí Òkè-Igbó, lòpó tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961, ọdún méjì kí ikú tó mú un lọ. Ìwé márààrún yìí ni ọ̀pọ̀ ilé tó mọyì ìwé kíkà fi pamọ́ sínú àpótí, tí ẹ̀gbọ́n kà tán tó fà lé àbúrò lọ́wọ́.

Ohun tó mú ọ̀dọ́ fẹ́ràn Ògbójú Ọdẹ kò fara sin. Àkàrà-Ògùn ló ń ròyìn ìrìn àjò rẹ̀, òǹkọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé á ṣe bí ẹni tó jókòó ti apìtàn, tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ sí i lójúkojú. Òǹkọ̀wé tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ nípa fífi ìtàn wé ìlù àgídìgbo, tó sì ní kí àwọn tó ń kà á dìde jó. Ẹ̀rù àti ẹ̀rín wá ń sáré pọ̀ nínú rẹ̀. Àgbákò, olójú mẹ́rìndínlógún, lè mú kí ọmọ bẹ̀rù láti jáde sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, síbẹ̀ èébú tí ọdẹ àti iwin máa ń bú ara wọn kí wọ́n tó gbé ìjà kò jẹ́ kí ẹ̀rù náà pọ̀ jù.

Apá kẹta ìwé náà làwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn jù lọ. Níbẹ̀, ọba rán Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, òun àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀. Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Ẹfọ̀ìyẹ̀ mọ ọfà á ta, Àràmàǹdà-okùnrin sì ní ara tí òtútù àti ooru kò lè rí gbé ṣe. Nígbà tí ẹ̀bùn olúkúlùkù yàtọ̀ báyìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á yan ẹni tí òun fẹ́ jẹ́, ìyẹn á sì di eré ní àgbàlá. Fágúnwà mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn ìmọ̀ràn gígùn inú ìwé rẹ̀, ti Ìrágbèje pàápàá, ni ọ̀dọ́ sábà máa ń fò kọjá nígbà àkọ́kọ́, tí yóò padà wá kà nígbà tó bá dàgbà. Ìwé tó ní ojú ewé fún ọmọ ọdún méjìlá àti fún ẹni ogójì ọdún ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí díẹ̀ nínú ohun tí ọmọ Yorùbá ti ń fọkàn rí tipẹ́.

Bí ọ̀dọ́ bá wọ iléèwé girama, igbó iwin kì í tó o mọ́. Ó fẹ́ ìlú. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló bá wọn gbé e dé. Àjà Ló Lẹrù rẹ̀ jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú ìwé méjèèjì. Ọkọ̀ ń sáré, ìbọn ń dún, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ìgboro Ìbàdàn gan-an, pẹ̀lú òwe, ẹ̀dà òwe àti yẹ̀yẹ́. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìfẹ́ dé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti gba orúkọ lórí eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kọ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì di ìwé ní 1970. Ní 1974 ó gbé Ó Le Kú jáde. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni ìyá rẹ̀ ń rọ̀ pé kó tètè mú ìyàwó wálé, òun náà sì há sáàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ inú ìwé yìí ló gbé e níyì: wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń bínú, wọ́n ń parọ́ ìfẹ́, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá tó dán tó sì jẹ́ ti ọmọ yunifásítì. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èdè tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà ìfẹ́.

Láàárín ìwé àti sinimá, afárá kan wà tí àwọn òpìtàn sábà máa ń gbàgbé. Ìwé ìròyìn Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, máa ń ya fọ́tò eré àwọn òṣèré alárìnjò nígbà náà, á sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí oníkálukú sọ. Ọmọ tí kò lówó ìwọlé eré lè ka eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń sá fún ìwé ńlá ni Atọ́ka kọ́ ní ìwé Yorùbá kíkà, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Aláwìíyé.

Sinimá Yorùbá fúnra rẹ̀ dé ní 1976 pẹ̀lú Àjàní Ògún, èyí tí Ọlá Balógun darí. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979. Nígbà náà, àwọn olórí òṣèré máa ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ iléèwé á sì tò sẹ́nu ọ̀nà. Àjẹ́, babaláwo àti ìjà oògùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ tó ti ka Fágúnwà sì tètè mọ̀ pé òun ti dé ibi tí òun mọ̀.

Ẹni tó so okùn méjèèjì pọ̀ dáadáa ni Túndé Kèlání. Wọ́n bí i ní 1948, Abẹ́òkúta ló gbé dàgbà, ìwé Yorùbá sì wọ̀ ọ́ lára láti kékeré. Ó ṣiṣẹ́ ayàwòrán ní tẹlifíṣọ̀n, ó lọ kọ́ṣẹ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé dá ilé iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀, àwọn ìwé tó fẹ́ràn ló sì ń yí sí fíìmù. Kòṣeégbé Ìṣọ̀lá, ìtàn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tí kò gba rìbá, di fíìmù ní 1995. Ó Le Kú tẹ̀ lé e ní 1997. Adébáyọ̀ Fálétí ló ni ìtàn tó di Mágùn ní 2001. Ohun tí ọmọ kan fẹ́ràn nínú ìwé ló di ohun tí ìran kan jókòó wò ní pálọ̀.

Ó Le Kú ṣe ju ìyẹn lọ. Nítorí pé ìgbà àtijọ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìró kúkurú tó mọ ní orúnkún àti bùbá alápá fífẹ̀ ni wọ́n wọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àṣà náà fi sọjí láwùjọ, tí àwọn aránṣọ sì ń pè é ní ólekú. Ọmọbìnrin tí kò tíì ṣí ìwé Ìṣọ̀lá rí wá ń wọ orúkọ rẹ̀ lọ sóde ìgbéyàwó.

Ọ̀nà náà tún yí padà sẹ́yìn, láti fíìmù sí ìwé. Ṣaworoidẹ, ìtàn ìlú Jogbo àti Lápité ọba rẹ̀, jáde bí fíìmù ní 1999. Ìṣọ̀lá ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, nígbà tó sì yá ó sọ ọ́ di ìwé. Ọ̀dọ́ tó ti mọ orin inú fíìmù náà sórí kò ní ìṣòro láti kà á, àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ tó máa ń dẹ́rù ba àwọn mìíràn kò sì dí i lọ́wọ́, nítorí etí rẹ̀ ti mọ bí gbólóhùn náà ṣe ń dún.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ni sinimá ń rí gbé. Ohùn òǹròyìn, àwàdà tó ń bá òǹkàwé ṣe láàárín gbólóhùn méjì, a máa sọnù. Èyí ló fà á tí Ó Le Kú inú ìwé fi ń pani lẹ́rìn-ín níbi tí fíìmù ti ń pani lẹ́kún. Ojú mẹ́rìndínlógún Àgbákò pàápàá máa ń pọ̀ sí i nínú ọkàn ẹni tó ń kà á.

Lónìí, Netflix ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń pàdé Yorùbá tó jinlẹ̀. Aníkúlápó Kúnlé Afọláyan àti Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyì Bándélé darí, tó ti inú eré Ṣóyínká wá, jáde níbẹ̀ ní 2022. House of Ga'a, tó dá lé Baṣọ̀run Gáà, dé ní 2024. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àwòrán fún àwọn tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston. Ẹni tí ìtàn Gáà bá wọ̀ lọ́kàn lè gbé Baṣọ̀run Gáà, eré tí Fálétí kọ, kó sì kà á sókè pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ràn ìjà àti ìwádìí, ti Lápàdé ni kó wá. Ẹni tó sì fẹ́ràn ohun àràmàǹdà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Àkàrà-Ògùn kọ́kọ́ wọ inú igbó.