Sámúsónì àti Dẹ̀lílà: Eré olórin tí Paris kọ̀, tí Jámánì gbà



Ta ni kò mọ ìtàn Sámúsónì? Àmọ́ Dẹ̀lílà inú Bíbélì yàtọ̀ sí Dẹ̀lílà inú ópẹ́rà tí Camille Saint-Saëns, ọmọ Faransé, kọ.

Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, owó ló fà á. Ìjòyè Fílístínì kọ̀ọ̀kan ṣèlérí 1,100 owó fàdákà fún un. Nínú eré yìí, olórí àlùfáà fi wúrà lọ̀ ọ́, ó ní òun ò fẹ́. Ẹ̀san ló ń wá. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bani, torí ẹni tó ń wá owó, èèyàn lè fi owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tù ú lójú. Síbẹ̀, ẹnu obìnrin yìí ni Saint-Saëns fi orin ìfẹ́ tó dùn jù nínú eré náà sí, ní ohùn obìnrin tó wálẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á fẹ́ gbà á gbọ́, bí Sámúsónì ṣe gbà á gbọ́.

Nǹkan bí ọdún 1867 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Orin tí àwọn akọrin á kàn dúró kọ, láìṣe eré, ni Saint-Saëns ní lọ́kàn. Ferdinand Lemaire, tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ló ní kó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó fi apá kan han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò wù wọ́n. Àwọn tó ń ṣe ilé eré ní Paris náà ò fẹ́ kí ìtàn Bíbélì gun orí ìtàgé wọn. Ó pa á tì.

Franz Liszt, àgbà olórin ọmọ Hungary, ló ní kó parí rẹ̀, pé òun á rí i pé wọ́n ṣe é ní Weimar. Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1877 ni wọ́n ṣe é níbẹ̀, ní èdè Jámánì. Ẹ rántí pé kò tíì pé ọdún méje tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé lójú ogun! Ọdún 1892 ni ilé ópẹ́rà ńlá Paris tó gbà á.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aláṣẹ tó ń yẹ eré wò ò gbà kí ẹni inú Bíbélì gun orí ìtàgé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé e dé Covent Garden lọ́dún 1893, àwọn akọrin kàn dúró, wọ́n kọ ọ́ láìṣe eré, bí Saint-Saëns ṣe kọ́kọ́ fẹ́ kó rí. Ọdún 1909 ni wọ́n tó fi í ṣeré níbẹ̀.